Àlejò Ọjọ́ Sátidé

Ilé kì í dúpẹ́.
O gbá a lówùúrọ̀; nígbà tó máa fi dìrọ̀lẹ́
ó ń wò ọ́ bí ẹni tí kò rí ọ rí.
Eruku pupa Òkè-Àró kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni,
abẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbà wọlé,
á jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n bí onílé.

Aránṣọ ni mí.
Ohun tó ń já bọ́ lọ́wọ́ mi lójúmọ́ pọ̀:
òwú, àgékù aṣọ, bọ́tìnnì,
àti abẹ́rẹ́, irú èyí tó gún Ọlátóún lẹ́sẹ̀
lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde, tí a kò fi lè lọ síbì kankan.
Láti ìgbà náà mo so òòfà mọ́ okùn,
mò ń wọ́ ọ káàkiri abẹ́ máṣíìnì
bí ọmọdé tó ń fa mọ́tò agolo.
Ìyẹn nìkan ni mo gbádùn nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyókù, ọ̀lẹ ń mú mi.
Kí n má purọ́.
Mo lè dojú korobá délẹ̀ kí n jókòó lé e,
kí ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi,
kí n máa wo abọ́ àná nínú bàsíà,
kí abọ́ náà máa wò mí,
títí ìròyìn aago méje á fi parí.

Ìyá mi ní a kì í gbálẹ̀ lóru,
pé ajé ló ń bá ìdọ̀tí jáde.
Èmi tí mo ń ti ṣọ́ọ̀bù dé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án,
ìgbà wo ni kí n wá gbá a?
Mo gbá a lóru. Mo kó o jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
mo ní kó sùn síbẹ̀.
Bí ajé bá wà nínú rẹ̀, á bá mi jí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé mi dìde ní Sátidé,
ẹ má rẹ́rìn-ín:
mo máa ń sọ fún ara mi pé Ìyá Fèyíṣará ń bọ̀ láti Ìdànrè,
ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ń fi ìka nu ojú fèrèsé
kí wọ́n tó dáhùn ìkíni.
“Wọ́n ti wọkọ̀,” n ó wí.
N ó bá sáré fọ abọ́.
“Wọ́n ti wọ Akúrẹ́.”
N ó fa àpótí kúrò lábẹ́ ibùsùn, n ó gbá ibẹ̀.
“Wọ́n ń gun òkè wa bọ̀.”
Ojú fèrèsé á máa dán.

Wọn ò wá rí. Ọdún mẹ́rin.
Orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè wọkọ̀.

Àfi Sátidé ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún.
Omi ṣì wà lára sìmẹ́ńtì,
mo gbọ́, “Àgò onílé o!”
Àwọn ni. Pẹ̀lú ọ̀pá, pẹ̀lú iṣu mẹ́ta nínú àpò,
àti ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan tó dì wọ́n lápá mú.
Mo di igi.

Wọ́n fi ìka nu ojú fèrèsé.
Wọ́n wo ìka náà.
Wọ́n wo abẹ́ àga, wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
wọ́n mí kanlẹ̀.
“Ta lò ń retí?”

“Ẹ̀yin ni.”
“Mi ò ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀.”
“Mo mọ̀.”
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ, ipasẹ̀ wọn wà nílẹ̀,
pupa, kékeré,
ọ̀kan hàn ju èkejì lọ nítorí orúnkún,
láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga.
Mojírayọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi gbé àkísà.
Mo ní kó fi í sílẹ̀.
A gbálẹ̀ yí i ká
títí di Ọjọ́rú.